Ọ̀kẹ́ Mẹ́tàlélógójì àti Ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: Nọ́ńbà Kan tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Rìn ní Lọ́kọ́jà

Ní Lọ́kọ́jà, nọ́ńbà kan wà tí gbogbo ẹni tó ń mú àlejò káàkiri ìlú ti há sórí: 865,000. Pọ́n-ùn ni. Ẹ ò tíì ní dé ibi tí wọ́n ti fa àsíá Royal Niger Company sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń tẹ̀ lé e: "Iye tí Òyìnbó ra Nàìjíríà nìyẹn o." Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí mo gbà fún odidi ọjọ́ ní oríta Gánájà sọ ọ́ bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀. "Pọ́n-ùn 865,000, ẹ̀gbọ́n. Iye ilé kan ní Lọ́ńdọ̀n lónìí."

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Frederick Lugard to àwọn ọmọ ogun jọ nílùú yìí, wọ́n ka ìkéde, wọ́n fa àsíá ilé-iṣẹ́ náà wálẹ̀, wọ́n sì ta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè. Ìwé àṣẹ tí ìjọba fún ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún 1886, èyí tí George Goldie fi ń pàṣẹ létí odò Ọya bí ẹni pé oko bàbá rẹ̀ ni, ti kú ní àná ọjọ́ yẹn. Ilé Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀n ló buwọ́ lu pọ́n-ùn 865,000 láti fi tu ilé-iṣẹ́ náà nínú. Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, wọ́n tún ṣèlérí ìdajì owó tí ìjọba bá rí gbà lórí ohun alùmọ́ọ́nì ní apá kan ilẹ̀ náà, fún ọdún 99. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n sanwó fún. Ọba kọ́, onílẹ̀ kọ́. Nàìjíríà tí wọ́n ní wọ́n rà náà kò sì tíì sí nígbà yẹn: Èkó wà lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ àmúnisìn tirẹ̀, ó di 1914 kí wọ́n tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀.

Mo sọ fún oníkẹ̀kẹ́ mi pé n kò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá owó náà pọ̀ tàbí ó kéré. Àwọn òpìtàn ti jà á, wọn ò sì tíì jà á tán. Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ tú palẹ̀, kí n rí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí Goldie kò fi síbẹ̀, tí Ilé Aṣòfin kò sì fi síbẹ̀. Ó wò mí láti inú dígí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, olùkọ́ ni yín, àbí?" Mo ní kó máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ọjà Kpátá ni a kọ́kọ́ yà sí. Etí odò gan-an ló wà. Ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀, àwọn alábàárù ń gbé isu kọjá lórí pákó tó ń mì, òórùn ẹja gbígbẹ sì ti gba gbogbo afẹ́fẹ́. Màmá kan tí mo gbọ́ ohùn Òkun lẹ́nu rẹ̀ ń ka isu fún oníbàárà. Mo dúró wò ó. Ó gbé méjì sí ọwọ́ ọ̀tún, méjì sí ọwọ́ òsì, ọmọ rẹ̀ gbé ẹyọ kan tẹ̀ lé e: márùn-ún. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. "Ogún kan," Màmá pè é sókè, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fa ìlà kan sínú iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìlà náà pé márùn-ún, ó fi ẹsẹ̀ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó sì gbé òkúta kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún nìyẹn.

Bí àwọn àgbà ṣe ń ka owó ẹyọ gan-an nìyí. Adolphus Mann, míṣọ́nárì CMS tó gbé nílẹ̀ Yorùbá, ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde lọ́dún 1887: ẹni tó ń kàwó á da àpò sílẹ̀, á máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di ogún, ogún márùn-ún á di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì á pàdé, wọ́n á di igba. Ní ti owó tí wọ́n ti sín, ogójì ló wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì kún àpò kan. Àpò yẹn ni ọ̀kẹ́: 20,000.

Ẹ wá jẹ́ ká fún ẹni tó ń kàwó yẹn ní 865,000. Pọ́n-ùn ni o, kì í ṣe ẹyọ, àmọ́ kíkà ni kíkà. Kò ní wo ẹgbẹ̀rún rárá. Ọ̀kẹ́ ni yóò kọ́kọ́ máa yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà tó bá fi máa yọ ọ̀kẹ́ 43 tán, 860,000 ti jáde. Ohun tó ṣẹ́kù kò tó ọ̀kẹ́: 5,000 ni, ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, igba lọ́nà márùndínlọ́gbọ̀n. Ìdámẹ́rin ọ̀kẹ́ géérégé. Nítorí náà, iye tí wọ́n ní wọ́n fi rà wá, lẹ́nu àwọn baba wa, ọ̀kẹ́ mẹ́tàlélógójì àti ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni.

Mo fẹ́ràn pípè yìí, kì í sì í ṣe torí pé ó dùn létí nìkan. Ó ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Bí a bá da àwọn ọ̀kẹ́ yẹn sílẹ̀, tí a fi ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣe òṣùwọ̀n, ọ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan á fún wa ní mẹ́rin. Ọ̀kẹ́ 43 á jẹ́ 172. Ẹyọ kan tó ṣẹ́kù á sọ ọ́ di 173. Nítorí náà, 865,000 kì í ṣe nǹkan míì ju 173 lọ́nà 5,000.

Nínú 5,000 yẹn, kò sí ohun tó le. Méjì àti márùn-ún nìkan ló wà níbẹ̀: méjì lẹ́ẹ̀mẹta, márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ sọ wọ́n dipúpọ̀, 5,000 á dé. Àwọn olówó ló máa ń dá méjì àti márùn-ún wọ̀nyí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dúnàá-dúrà, torí kò sẹ́ni tó ń bèèrè 864,713 pọ́n-ùn fún ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n á fi òdo parí rẹ̀. Àmọ́ 173 kò sí nínú àdéhùn ẹnikẹ́ni. Òun ni egungun tó wà nínú ẹran náà.

Mo bẹ Màmá kó jẹ́ kí n fi àwọn isu wẹ́wẹ́ rẹ̀ ṣe nǹkan kan.

"Isu mélòó?"

"Mẹ́tàléláàádọ́sàn-án, Màmá. Ẹ ṣáà fọkàn kà á, a ò ní gbé e."

"Ṣé ẹ máa rà á?"

Mo ní mo máa ra díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa wí.

Mo bi í pé bí òun bá ní isu 173, tí òun fẹ́ tò ó ní ìlà ìlà, kí gbogbo ìlà gùn dọ́gba, báwo lòun ṣe máa tò ó. Ó ní méjì méjì. Ẹyọ kan á ṣẹ́kù. Mẹ́ta mẹ́ta: ìlà 57, méjì á ṣẹ́kù. Márùn-ún márùn-ún, bó ṣe mọ̀ ọ́n kà: mẹ́ta á ṣẹ́kù. Méje méje: ìlà 24 á pé, márùn-ún á ṣẹ́kù. Mọ́kànlá: ìlà 15, mẹ́jọ á ṣẹ́kù. Mẹ́tàlá: ìlà 13 gan-an, ó kù díẹ̀ kó pé, mẹ́rin ṣẹ́kù. A lè dúró níbẹ̀, torí 14 lọ́nà 14 ti jẹ́ 196, ó ti kọjá 173. Bí òṣùwọ̀n tó tóbi ju ìyẹn lọ bá máa pín in, ìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí 14, a sì ti dán àwọn kéékèèké wò tán. (A ò dán mẹ́rin, mẹ́fà àti àwọn ará wọn wò, torí ohun tí méjì tàbí mẹ́ta bá kọ̀, àwọn náà kò lè gbà á.) Ìlà kan ṣoṣo gbọọrọ ni isu Màmá lè wà. Irú nọ́ńbà yìí ni àwọn olùkọ́ ìṣirò ń pè ní prime.

Màmá wo ilẹ̀ díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n fi ènì kan sí i," ó ní.

Ènì ṣe é! 174 gba méjì, ó gba mẹ́ta, ó gba mẹ́fà, ó tún gba 29. Isu kan péré ló tú gbogbo ìdè náà. Mo jókòó sórí àpótí omi tí wọ́n yí ojú rẹ̀ dé, mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn àpò ìwé kan. Bó bá jẹ́ ọ̀kẹ́ 43 péré ni Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí, ìyẹn 860,000, iye ọ̀nà tí a lè gbà pín in láìsí àṣẹ́kù jẹ́ 60. Wọ́n fi ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kan kún un, ọ̀nà náà já wálẹ̀ sí 40. Bí wọ́n bá tún fi ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n míì ṣe ènì, kó di 870,000, ọ̀nà náà á fò sókè di 100. Owó ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gba pínpín sí kò tẹ̀ lé e.

Bí mo ṣe rí 40 yẹn rèé, fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò. Ohunkóhun tó bá máa pín 865,000 láìṣẹ́kù, inú méjì mẹ́ta, márùn-ún mẹ́rin àti 173 kan ni yóò ti mú tirẹ̀. Ó lè mú méjì rárá, tàbí kó mú ọ̀kan, méjì, tàbí mẹ́ta: ọ̀nà mẹ́rin. Ó lè mú márùn-ún láti orí òdo dé mẹ́rin: ọ̀nà márùn-ún. Ó lè mú 173 tàbí kó fi í sílẹ̀: ọ̀nà méjì. Mẹ́rin lọ́nà márùn-ún lọ́nà méjì, ogójì. Bí ẹ bá wá ro gbogbo ogójì wọ̀nyẹn pọ̀, tí ẹ yọ 865,000 fúnra rẹ̀ kúrò, 1,173,410 ni ẹ máa bá. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ní orúkọ fún irú nọ́ńbà tí àwọn tó ń pín in pọ̀ jù ú lọ báyìí: wọ́n ní ó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò jọ owó tí wọ́n ń kẹ́gàn rẹ̀.

Mo ra isu márùn-ún. Màmá fi kékeré kan ṣe ènì fún mi, a jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Ọ̀nà Òkè Patti ń lọ́ bí a ṣe ń gùn ún, kẹ̀kẹ́ náà sì ń mí hẹlẹ. Òkè náà ga ju irinwó mítà lọ, orí rẹ̀ sì tẹ́jú. Igi oṣè ńlá kan wà níbẹ̀, ilé tí Lugard fi ń sinmi náà wà níbẹ̀. Ẹ bá wo ìsàlẹ̀, ẹ máa rí Ọya àti Bénúè níbi tí wọ́n ti pàdé, tí omi méjèèjì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ tí kò jọra. Àwọn kan á sọ fún yín pé ibí ni Flora Shaw dúró sí, tó wo odò, tó sì sọ orílẹ̀-èdè náà ní Nàìjíríà. Ìtàn aládùn ni. Àmọ́ ìwé ìròyìn The Times ti ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1897 ló gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó dá orúkọ náà jáde ní Lọ́ńdọ̀n, ó sì di 1902 kó tó fẹ́ Lugard. N kò bá oníkẹ̀kẹ́ mi jiyàn lórí ìyẹn. Òun náà ní ilé láti gbọ́ bùkátà rẹ̀, ìtàn yẹn sì ń mú àlejò wá.

Ohun tí mo wá ṣe lórí òkè ni ilẹ̀ wíwọ̀n. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ní ilẹ̀ ni wọ́n fi nọ́ńbà náà rà, mo ní kí n sọ ọ́ di ilẹ̀. Nítòsí igi oṣè, mo ṣí ẹsẹ̀ mẹ́wàá síwájú, mo yà, mo ṣí mẹ́wàá, mo tún yà, títí mo fi padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ onígun mẹ́rin kan nìyẹn, mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá, 100. Kò tó ibi tí èèyàn máa kọ́ ilé alábọ́ọ́dé sí. Lẹ́yìn náà, mo gba ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ láti orí ení. Ní 200, oníkẹ̀kẹ́ mi ṣì ń bá mi kà á. Ní 400, ó ti ń gba ìpè fóònù. Ní 930, mo dúró, mo yíjú padà: igi oṣè ti kéré lẹ́yìn mi, oníkẹ̀kẹ́ sì ti jókòó sórí òkúta. Bí mo bá ya igun, tí mo rin 930 míì, tí mo yí i po, ilẹ̀ onígun mẹ́rin kejì nìyẹn: 930 lọ́nà 930, ó jẹ́ 864,900. (N kò yí i po. Oòrùn ti mú.) Ẹ fi 100 ti ẹ̀gbẹ́ igi oṣè kún un. 865,000, kò lé, kò dín.

Nọ́ńbà púpọ̀ ló wà tí kò lè ṣe èyí. 860,000 kò lè ṣe é, 870,000 náà kò lè ṣe é: kò sí ilẹ̀ onígun mẹ́rin dọ́gba méjì, tí ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ wọn jẹ́ nọ́ńbà odidi, tó lè pàdé kó fún wa ní iye yẹn. Èyí tó wà láàárín wọn nìkan ló lè ṣe é, ọ̀nà márùn-ún ló sì lè gbà ṣe é. 890 àti 270 máa fún wa ní iye kan náà. 750 àti 550 pẹ̀lú. 874 àti 318. 738 àti 566. Mo kọ wọ́n sórí ìwé, mo fi fóònù yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, nítorí èèyàn kì í fi irú èyí tán ara rẹ̀.

Ibi tí agbára yìí ti wá ni mo rò pé ó yẹ kí Yorùbá gbọ́. Pierre de Fermat, adájọ́ ará Faransé tó ń fi ìṣirò najú, kọ lẹ́tà sí Marin Mersenne lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1640. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà tí kò ṣeé pín bíi 173, bí a bá fi mẹ́rin pín in tó sì ṣẹ́ku ẹyọ kan, ó di dandan kó jẹ́ àpapọ̀ irú ilẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí Leonhard Euler tó fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀. 173 jẹ́ 13 lọ́nà 13 àti 2 lọ́nà 2: 169 àti 4. Bí a bá sì fi mẹ́rin pín 173 ńkọ́? 43, ó ṣẹ́ku ẹyọ kan. Ọ̀kẹ́ mẹ́tàlélógójì, àti ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó jẹ́ ìdámẹ́rin ọ̀kẹ́. Ẹni tó ń ka owó ẹyọ tí kò gbọ́ orúkọ Fermat rí ti pe ohun tí ọkùnrin náà nílò mọ́ orúkọ nọ́ńbà náà. Nínú pípè tòde òní, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà iye kan, ẹ ò lè gbọ́ ọ.

Ẹ gbé ti Alaska sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1867, Rọ́ṣíà ta á fún Amẹ́ríkà ní dọ́là 7,200,000. Méjì, mẹ́ta àti márùn-ún nìkan ló wà nínú nọ́ńbà yẹn, ọ̀nà 162 ló sì ṣeé gbà pín. Nọ́ńbà àwọn tó jókòó sídìí tábìlì kan tí wọ́n gbọn iye kalẹ̀ nìyẹn. Ti Royal Niger Company kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ro ẹ̀tọ́ mọ́ owó tí wọ́n ti ná, wọ́n ro ilé àti ọjà inú ilé ìṣúra mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí nǹkan líle bíi 173 fi lè bọ́ sínú rẹ̀ láìsí ẹni tó pè é.

A sọ̀ kalẹ̀, a gba ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity, èyí tí iṣẹ́ míṣọ́ọ̀nù Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ lọ́dún 1865. Àwọn ọ̀pá irin méjì tí wọ́n ń pè ní Iron of Liberty dúró níbẹ̀, àmì ibi tí wọ́n ti ń tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Wọn ò ga. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó gbóná. Crowther fúnra rẹ̀, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn tí wọ́n sì tà lọ́pọ̀ ìgbà kó tó di ọmọ ogún ọdún, mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà lé èèyàn lórí. N kò ní ìṣirò kankan ṣe níbẹ̀.

Àmọ́ nígbà tí a jáde sí ojú títì, oníkẹ̀kẹ́ béèrè bóyá ṣílè ni wọ́n ń ná nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ogún ṣílè ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Mo sọ 865,000 di ogún ìlọ́po: ṣílè 17,300,000. 173 jáde sí gbangba, òdo márùn-ún tò tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ka owó náà ní ṣílè lọ́dún 1900 ìbá ti rí i láìwá a.

Oníkẹ̀kẹ́ dákẹ́ títí a fi kọjá Lugard House, níbi tí gómìnà Kogí ń gbé báyìí. Lẹ́yìn náà ló mú ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jáde. "Ẹ̀gbọ́n, ká ní wọ́n dá owó náà padà fún wa lónìí, tí a pín in fún ìpínlẹ̀ 36. Èló ló kan Kogí?"

Mo ní kò ní lọ dọ́gba. Mẹ́sàn-án wà nínú 36, nọ́ńbà tí mẹ́sàn-án bá sì máa pín, àròpọ̀ ohun tí a kọ sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ, mẹ́fà àti márùn-ún jẹ́ 19. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gba pọ́n-ùn 24,027, pọ́n-ùn 28 á ṣẹ́kù.

"Bí a bá fi Àbújá kún un ńkọ́?"

"Ó di 37 nìyẹn. 23,378 lọ́kọ̀ọ̀kan. 14 á ṣẹ́kù."

"Rárá o, ẹ yọ Àbújá kúrò. Ẹ fi 28 yẹn kún ti Kogí, kó di 24,055. Ṣebí ẹnu ọ̀nà wa níbí ni wọ́n ti fa àsíá náà sọ̀kalẹ̀."